Èmi Ni Etí Dókítà Nígbà Tí A Ń Gé Gẹ̀gẹ̀

Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn gẹ̀gẹ̀ gígé ní Ọ̀fà lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí. Ẹ̀yìn fèrèsé ni gbogbo wọn dúró. Èmi Ráúfù, ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló máa ń wà láàrin ojú mi àti ọrùn ẹni tí wọ́n ń là.

Mi ò kàwé púpọ̀. Sítáńdáàdì tú ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú tí ilé ìwé sì parí fún mi. Àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti di tíṣà, àwọn kan ti di akọ̀wé ìjọba, wọ́n ń wọ ṣòkòtò péńpé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé ibo ni ohùn ń gbà gun inú ọrùn ènìyàn, ẹ óò rí i bí yóò ṣe máa họrí. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i. Funfun ni, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Koríko ni wọ́n gbà mí pé kí n máa gé nílé ìwòsàn kan ní Ọ̀fà, ní ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Láti ìdí koríko mo bọ́ sí omi pípọn, láti ìdí omi mo bọ́ sí ìdí iná tí a ti ń se irin iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kí dókítà tó gba ẹ̀mí là, ẹni tó se irin rẹ̀ ti gbà á là ṣáájú. Bí irin kò bá hó tó, ọgbẹ́ á kẹ̀, iṣẹ́ dókítà á sì bàjẹ́. Irin tí èmi bá sè kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ kẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ni ọ̀gá mi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíátà. Ọmọ tíṣà ìjọ Áńgílíkà kan ni. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

“Bùọ̀dá Ráúfù, ẹ ti ka àwọn irin yìí?”

“Mo ti kà wọ́n.”

“Mélòó ni?”

“Ó pé.”

“Mo ní mélòó, ẹ ní ó pé. Ṣé nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ ‘ó pé’?”

Mo máa ń sọ fún un pé ẹni tó mọ nǹkan kì í kà á, wíwò ló ń wò ó. Ó máa ń pòṣé, á sì tún un kà fúnra rẹ̀.

Dókítà wa jẹ́ òyìnbó gíga kan tó tín-ín-rín. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é, nítorí pé bó bá fọwọ́ kan ènìyàn, bí ẹni tó ń gbé ẹyin ni. Nígbà náà, gẹ̀gẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa. Òmíràn á tó ọsàn, òmíràn á tó ìbẹ́pẹ. Àwọn obìnrin ń fi ìborùn bò ó, àwọn ọkùnrin ń ká ọrùn agbádá sókè. Èyí tó bá ti dàgbà jù máa ń tẹ ọ̀nà èémí, ẹni náà kò sì ní lè sùn àfi kó jókòó. Irú wọn ni dókítà ń là.

Lọ́jọ́ kan, ó fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ ìnuwọ́, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Ráúfù, o rí èyí?”

“Mo rí i, sà.”

“Ohùn rẹ nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣan méjì bíi ti òwú yìí ló wà nínú ọrùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n gba ẹ̀yìn gẹ̀gẹ̀ gòkè lọ sínú gògóńgò. Àwọn ni wọ́n ń ṣí ohùn tí wọ́n sì ń pa á dé. Ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá ni iṣan ohùn náà wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú, dókítà gbọ́dọ̀ yára fi ẹ̀mú kékeré di ojú rẹ̀ mú. Bí ẹ̀mú bá ṣèèṣì bu iṣan ohùn jẹ pẹ̀lú rẹ̀, ohùn ti lọ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn ríran dáadáa níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í kun ọlọ́gẹ̀gẹ̀ lóorun. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ẹran ara kú ló ń gún wọn yí ọrùn ká. Ojú aláìsàn á là sílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun ṣe bí àgọ́ sí i lójú kó má baà rí ẹ̀jẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ ketekete, iṣan ohùn wà lálàáfíà. Ẹni tó bá sùn kò lè kìlọ̀ fún wa.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń la lọ́rùn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù á dì í lẹ́nu. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ kú àárọ̀” lọ; Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo gbọ́ ni èmi àti òun fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sì dí. Èmi ni mo tán ìṣòro náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ẹ̀rìn-Ilé ni wọ́n ń là lọ́jọ́ náà, èmi ni mo di àtùpà mú. Bàbá dákẹ́ bí òkúta. Dókítà ń bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ń bẹ̀bẹ̀, bàbá kò fọhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọrí sábẹ́ àgọ́ aṣọ náà.

“Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ilé kì í mọ ibi tí oko yín parí sí?”

Ojú bàbá là. “Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí? Ọmọ Ọ̀fà ni ọ́, àbí?”

“Ọmọ Ọ̀fà ni mí.”

“Ojú rẹ jọ ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkúta ààlà rìn bí ẹni gbé àga! Bí mo bá dìde níbí...”

“Bàbá, ẹ má dìde o, ọrùn yín ṣí sílẹ̀.”

“N ó dìde!”

Ó bú mi, ó bú bàbá mi, ó bú ọkọ̀ ojú irin tó gba ìlú wa kọjá. Ohùn rẹ̀ ń dún gbì-gbì. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ní n kò gbọdọ̀ bú aláìsàn. Dókítà béèrè ohun tí à ń sọ, ó rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà,” ló wí. Láti ọjọ́ náà ni àga kékeré kan ti di tèmi níbi orí aláìsàn. Bí mo bá gbọ́ pé ohùn yí díẹ̀ báyìí, n ó na ọwọ́ òsì mi yọ lábẹ́ aṣọ, dókítà á sì tú ẹ̀mú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ yẹn tí ohùn ènìyàn padà bọ̀ sípò. Télọ̀ kan ni ẹnìkejì, mo ní aṣọ tó rán ń fún ènìyàn lábíyá, ó ń dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì ya báyìí, mo nawọ́. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, “Ráúfù ni etí mi.”

Ẹ wò ó, kí ni ẹni tó ka sítáńdáàdì tú tún ń fẹ́?

Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ló kàn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Sàlámì ni Àṣàkẹ́. Mo ti dàgbà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ilé, kò sì lè pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí. Àwọn kan nínú ilé máa ń rẹ́rìn-ín sí i, pé akọ̀wé tí kò lè kọ lẹ́tà. Mi ò dá wọn lóhùn. Ó mọ ohun tó rí.

Ọ̀dùnkún sísè ló ń tà ní tésàn rélùwéè. Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin gba Ọ̀fà lọ sí Kánò láyé ìgbà náà, ẹ mọ ohùn rẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró, ohùn Àṣàkẹ́ á ti wọ kóòṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá. “Ọ̀dùnkún gbígbóná rè é o! Ó ń hó, ó ń dùn! Dànkálì!” Á pè é fún Yorùbá, á pè é fún Gàmbàrí. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè máa polówó níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ni fèrèsé máa ń ṣí fún. Ṣùgbọ́n bó bá délé tó kúnlẹ̀ kí mi, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Akọ̀wé,” ẹ óò ní àdàbà ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn méjì ló ní: ti tésàn àti ti ilé ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ mú un. Ó kọ́kọ́ kéré, ó wá dàgbà sínú. Bó bá sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀, á máa mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan ó jókòó lójijì lórí pèpéle tésàn, igbá ọ̀dùnkún rẹ̀ dànù, wọ́n gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn mọ́, ó ń ṣọ́ èémí ìyàwó rẹ̀.

“Wọ́n ní bí wọ́n bá gé e, ohùn máa ń bá a lọ,” ló sọ fún mi.

“Ta ló wí? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni etí dókítà. Bí ohùn bá sọnù, èmi ni kí ẹ bi.”

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ sápá kan. “Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ohùn ni mo fi ń jẹun o. Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ.”

“Ohùn rẹ wà lọ́wọ́ mi,” ni mo wí. Ẹnu mi yìí ni mo fi wí i.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí fà mí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

“Bùọ̀dá Ráúfù, ìyàwó ilé yín ni. Ẹ jẹ́ kí n jókòó níbi orí lónìí, kí ẹ bá mi mú àtùpà.”

“Ta ló mọ ohùn rẹ̀ nínú àwa méjèèjì?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó parí.”

Ó wò mí, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ni. Dókítà gún abẹ́rẹ́, ó là á. Mo jókòó sábẹ́ aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: “Àṣàkẹ́, wọ́n ní ọ̀dùnkún rẹ kì í jinná o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Akọ̀wé. Ẹ má bínú.”

“Wọ́n ní Gàmbàrí kan jẹ ẹ́, eyín rẹ̀ kán.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Ẹ rí i, kò lè bá mi jà. Ta ni yóò bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀? Mo bá ń bi í léèrè àwọn ọmọ, ó ń dá mi lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Dókítà parí apá ọ̀tún láìsí wàhálà. Ó bọ́ sí òsì. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti tú. Mo gbọ́ tí ó ní, “Ẹ̀mú!” Mo gbọ́ tí ẹ̀mú di nǹkan mú, kẹ́.

“Ráúfù, ohùn ńkọ́?”

“Àṣàkẹ́, ṣé ó ń dùn ọ́?”

“Rárá,” ló wí. Ó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń ròyìn èyí. Mo gbọ́ ọ pé ó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìyàwó wa ni, ọrùn rẹ̀ wà níhòòhò níwájú àwọn ọkùnrin, ojú ń tì í, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́, lábẹ́ abẹ pàápàá kò gbàgbé ẹni tí mo jẹ́.

“Ó wà, sà.”

Dókítà ń bá iṣẹ́ lọ. Ó mú òwú, ó fẹ́ so ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ náà. Ó tún bi mí.

“Ó wà, sà.”

Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí sọ̀rọ̀ láti òdì kejì aṣọ. “Bùọ̀dá Ráúfù, ẹ ní kó ké bó ṣe ń ké ní tésàn.”

“Níwájú èmi ọkọ rẹ̀?”

“Ẹ ní kó ké!”

Kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Mo ní, “Àṣàkẹ́, rélùwéè ti dé. Gbé igbá rẹ. Ké.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ra sílẹ̀. Mo ní, “Mo bẹ̀ ọ́. Ké.” Ó ya ẹnu. Mo rí i tí ó fi gbogbo agbára sí i, iṣan iwájú orí rẹ̀ dìde. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Ó tún un ṣe. Afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ fẹ̀, kò wo òkè, kò wo ẹlòmíràn, èmi ló ń wò.

Mo nawọ́. Àwọn méjèèjì ni mo nà.

Dókítà tú òwú, ó tú ẹ̀mú. Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó ń wá a, ó rí i. Ó pè mí kí n dìde wá wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ojú mi rí i nínú ara ènìyàn. Funfun ni, gẹ́gẹ́ bí òwú tó fi hàn mí. Kò já. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀mú ti bù ú jẹ ti di pẹlẹbẹ, ó ti pọ́n, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé koríko. “Bóyá yóò jí,” ni dókítà wí. Ó ran ọgbẹ́ náà pa. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ń ka àwọn irin, ó ń kà wọ́n sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà dókítà bi mí lóde pé kí ló dé tí mo ní ó wà. Mo ṣàlàyé fún un, ohun tí ọkọ ilé jẹ́ àti ohun tí ìyàwó ilé jẹ́, àti ohùn méjì tí Àṣàkẹ́ ní. Mo ti múra fún èébú. Ó ní, “Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tí ó jẹ́ sí ọ. Ọwọ́ mi ló sì di ẹ̀mú mú, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.” Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ìbá bú mi, ìbá sàn.

A ń retí kí iṣan náà jí. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ mo máa ń lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. “Àṣàkẹ́, ké.” Á gbìyànjú nítorí mi. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, ohùn díẹ̀ yọ. Ó dà bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá, kò tó pe ọmọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó ń sùn dáadáa, ó ń mí dáadáa, ó ń gbé oúnjẹ mì, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n igbe ọ̀dùnkún kò padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dá mi lẹ́bi rí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè, ńṣe ni á dákẹ́ lórí ohun tó bá ń sọ, títí ọkọ̀ á fi lọ.

Àṣàkẹ́ padà sí tésàn. Ó ń fi ṣíbí lu ọmọrí abọ́ tánganran rẹ̀, kan-kan-kan, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ sì wá mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. Mo lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, n kò mọ bí a ti ń bẹ̀ ẹ́. Òun ló ṣíwájú kúnlẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ wò ó, ohùn tí mo fi ń kí yín nílé náà ni mo fi ń polówó báyìí. Mi ò ní ju ẹyọ kan lọ mọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó bó ọ̀dùnkún kan fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè wò.

Láti ìgbà náà mo yí iṣẹ́ náà padà, èmi ni mo sì yí i, kì í ṣe òyìnbó. Bí wọ́n bá fẹ́ la ẹnikẹ́ni lọ́la, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀ lónìí: ohùn tó tóbi jù tí ó ní, kì í ṣe ti ìkíni. Ládàánì á pe ìrun fún mi nínú ọgbà. Tíṣà á pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìyá á pe ọmọ rẹ̀ láti oko wálé. Ohùn yẹn náà ni wọ́n á máa lò lábẹ́ aṣọ, n kò sì gba “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Bí aláìsàn bá jẹ́ ìbátan mi, tàbí àna, tàbí ìyàwó ilé, mo máa ń dìde fún Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń rẹ́rìn-ín sí igbe tó ń jáde láti tíátà wa, wọ́n ní ó dà bí ọjà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó dà bí ọjà. Ọ̀wọ̀ dára nílé, kò dára lábẹ́ abẹ.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti padà sí ìlú wọn. Kó tó lọ, ó fún mi ní àga kékeré náà, ó wà nínú yàrá mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi, ẹ wádìí.

Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí sì máa ń sọ pé kí n ka nǹkan, kí n yéé wò ó lójú lásán. Mo ti kà á. Ọrùn mọ́kànlélógójì ni mo jókòó tì. Ẹni tó kú, kò sí. Ogójì ènìyàn gbé ohùn wọn wá, wọ́n gbé e lọ sílé. Ohùn kan sọnù.

Kò pé.